Abẹ́rẹ́ Tó Ti Inú Erùpẹ̀ Wá

Mo wúkọ́, ẹ̀jẹ̀ dà sórí aṣọ oníbàárà. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni mo wà, níwájú ilé wa ní Pápá Àjàó, gbogbo èrò ọ̀nà ló sì rí i. Ayé òyìnbó ṣì ni nígbà náà, ikọ́ ẹ̀gbẹ sì ń pani bí ẹní ń ṣeré. Kí n tó nu ẹnu tán, ọ̀rọ̀ ti dé etí bàbá onílé. Ó ránṣẹ́ sí ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìyá mi bá lọ́rì wá, ó sọ̀ ní Ìdó, ẹkún ló sun wọlé.

"Jẹ́ ká lọ sílé, ọmọ mi. Bó bá tiẹ̀ máa ṣẹlẹ̀, kó jẹ́ lórí ilẹ̀ bàbá rẹ."

"Màámi, mi ò tíì kú. Ẹ má tíì bá mi wá ilẹ̀ ìsìnkú."

Mo ti lọ sí ilé ìwòsàn ní Yaba. Nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀ ní abẹ́rẹ́ tuntun ti dé, àràárọ̀ ni wọ́n máa gún un fún mi. Mo bi í pé kí ni wọ́n fi ṣe é.

"Inú ilẹ̀ ni wọ́n ti rí i," ó ní. "Àwọn kòkòrò kan wà nínú erùpẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí. Wọ́n máa ń sun oje kan tó ń pa kòkòrò mìíràn. Oje yẹn ló máa bá ikọ́ rẹ jà."

Ó ní kí n máa ṣí fèrèsé, kí n máa tutọ́ sínú agolo onídèérí. Mo ṣe gbogbo rẹ̀.

Bàbá onílé ní kí n kó jáde kó tó di Jímọ̀, kí n lọ kú sórí ilẹ̀ bàbá mi. Nígbà tí Jímọ̀ pé, mo tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, mo jókòó lé e.

"Bàbá, ilẹ̀ tí ẹ ní kí n lọ kú sí, inú ẹ̀ ni oògùn mi ti wá. Mi ò lọ. Ẹ wá fọwọ́ ara yín gbé mi síta."

Ta ló máa fọwọ́ kàn mí? Ikọ́ tí wọ́n torí ẹ̀ lé mi náà ló gbà mí lọ́wọ́ wọn. Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín láàárín ẹkún, ó wá jókòó tì mí.

Abẹ́rẹ́ náà ò rọrùn. Ìdí mi le bí pákó, etí mi ń hó, ilẹ̀ ń yí mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Dókítà kìlọ̀ pé ó lè gba etí lọ́wọ́ mi.

"Ẹ máa gún un lọ, sà. Etí kọ́ ni mo fi ń ránṣọ."

Etí òsì lọ lóòótọ́, kò padà mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ dá, ẹran padà sí mi lára, dókítà sì ní àyà mi ti mọ́. Mo gbé ẹ̀rọ mi padà síwájú ilé. Bàbá onílé fi aṣọ bo imú kọjá.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá!"

Bóyá ó dáhùn, bóyá kò dáhùn, etí òsì ni mo kọ sí i. Mo ń tẹ ẹ̀rọ mi lọ.