Ta Ni Yóò Dáhùn "Ẹ Kú Iṣẹ́"?

Bàbá mi kì í ṣe ẹlẹ́nu gígùn, ṣùgbọ́n ní ọdún tí a kọ́kọ́ kó gòjé lọ sí Bọ́lọ́rundúró, ó fọ́nnu títí ó fi sú èèyàn. Kò sí àgbẹ̀ tó bá pàdé lọ́nà oko tí kò sọ fún pé ọmọ òun obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́ ń kó àwọn olórin bọ̀, pé wọn yóò fi ọ̀sẹ̀ kan ṣeré, pé ọ̀fẹ́ ni. Òun náà ló lọ bẹ àwọn àgbà ibẹ̀ kí wọ́n tó yá wa ní ilé ńlá tí wọ́n ń kó kòkó sí, tó ṣófo nígbà náà. Bẹ́ẹ̀, bàbá mi fúnra rẹ̀ kò gbọ́ gòjé mi rí. Oko ló ń gbé, Àkúrẹ́ ni mo ti kọ́ ọ, inú gbọ̀ngàn Àkúrẹ́ náà ni a sì ti ń ta á.

Kò tíì pẹ́ tí wọ́n gé Èkìtì kúrò lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ìpínlẹ̀ pín, ẹgbẹ́ wa náà pín: ẹnì karùn-ún wa, ọmọ Èkìtì, kó fáìlì àti fáólìn rẹ̀, ìyẹn gòjé òyìnbó, lọ sí Adó, ó ku àwa mẹ́rin. Ọ̀gá wa ni bàbá kan láti ìlú Oǹdó, tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òun ló ń ta fáólìn kìíní. Nọ́ọ̀sì kan láti Arákalẹ̀ ń ta èkejì. Tíṣà kan láti Ìsìkàn, mùsùlùmí tó mọ orin ṣọ́ọ̀ṣì ju ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ lọ, ló ń ta fiyólà, tó fi díẹ̀ tóbi ju fáólìn. Èmi ni mo ń ta sẹ́lò, gòjé ńlá tí à ń fi orúnkún méjèèjì gbá mú. Orin tí à ń ṣe kò ní ìlù, kò ní ẹni tó ń kọ ọ́. Gòjé mẹ́rin péré ni, tí wọ́n ń bá ara wọn fèsì.

Oṣù Ògọ́sítì ni, tí òjò ń sinmi díẹ̀, tí àwọn ọmọ iléèwé wà ní ọlidé. Sẹ́lò ló jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, àwa èèyàn wà lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nígbà tí a fi máa dé, eruku ti sọ gbogbo wa di ìbejì.

Ní ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè, àwọn èèyàn ti oko wá tààrà, wọ́n jókòó lórí àpò kòkó. A bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá wa ní òfin kan: bí orin bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹnu dí nìyẹn, ojú kò sì gbọdọ̀ kúrò lára ìwé. A dé ibi tí orin ti rọlẹ̀ wọ̀ọ̀ ni àgbẹ̀ kan yọ lẹ́nu ọ̀nà, àdá lọ́wọ́, ó ké sí wa pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o!" A ń ta gòjé wa lọ. Òmíràn dé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olórin!" A ò wòkè. Ìyá àgbà kan tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè rí ojú wa dáadáa, ó kí wa, ó tún kí wa, kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni.

"Àbí wọn ò gbọ́ ni?" ló bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Wọ́n gbọ́ kẹ̀! Ìgbéraga ni."

Kí orin náà tó parí, ìdajì wọn ti dìde lọ. Bàbá mi nìkan ló pàtẹ́wọ́, àtẹ́wọ́ náà kò sì dún.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń lọ sóko gbé agbọ̀n kọjá níwájú wa, kò sẹ́ni tó kí wa. Háà! Ní Bọ́lọ́rundúró, níbi tí wọ́n ti ń kí ewúrẹ́! Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, bàbá mi àti àwọn ewúrẹ́ ọ̀hún nìkan ló wá gbọ́ orin.

Ìgbà náà ni bàbá mi tó sọ̀rọ̀. "Èèyàn bá yín lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n kí yín, ẹ dákẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìwọ ọmọ mi, ṣé bí mo ṣe tọ́ ọ nìyẹn? Èmi ni mo lọ bẹ̀bẹ̀ fún ilé yìí. Sátidé ni àwọn àgbà ń bọ̀. Bí ibẹ̀ bá ṣófo, ẹ kó gòjé yín, ẹ má padà wá mọ́. Èmi náà á wá ibi fi ojú mi pamọ́ sí."

Ọ̀gá wa ní, "Bàbá, orin báyìí, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni oúnjẹ rẹ̀."

Bí inú bá bí mi, ẹnu mi kì í ní búréèkì. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé oúnjẹ yẹn jìnnà! Ṣé ní Oǹdó, ẹ kì í kí ara yín ni?"

Tíṣà ló là wá níjà. Ó ní àwọn mẹ́ta fi àgbọ̀n tẹ gòjé mọ́ èjìká, bí wọ́n bá la ẹnu, gòjé á já bọ́. Ẹnu tèmi nìkan ló ṣófo.

"Ó ṣófo, ó sì ń pariwo," ni ọ̀gá wa fi kún un. Ẹ̀rín pa gbogbo wa, títí kan bàbá mi tí kò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Bí ẹnu mi ṣe di ẹnu ẹgbẹ́ nìyẹn.

Láti ìgbà náà, òwúrọ̀ òwúrọ̀ ni mò ń dúró sẹ́bàá ọ̀nà oko. "Ẹ kú àárọ̀ o! Àroko bọ́dún dé o! Ẹ má bínú sí wa, ẹ wá lọ́jọ́ Sátidé, a ti tú ẹnu!" Wọ́n kọ́kọ́ ń fi imú dáhùn, nígbà tó yá wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà ọjọ́sí dúró tì mí. Ó ní àgbẹ̀ ní ìkíni tirẹ̀, aláró ní tirẹ̀, onídìrí náà ní tirẹ̀. Kí ni wọ́n ń kí àwa? Mi ò mọ̀ ọ́n. Ó ní òun á rò ó wò.

Lọ́jọ́ Sátidé, ilé kún dẹ́múdẹ́mú, àwọn àgbà náà dé. Orin ò tíì jìnnà tí ìyá náà fi wọlé, ó gbé ọwọ́ sókè: "Okùn gòjé ò ní já o!"

"Àmín o, ìyá!" ni mo dáhùn, mò ń fa gòjé lọ. Ilé hó yèè. Láti ìgbà náà, gbogbo ẹni tó wọlé ló ń wúre okùn fún wa, mo sì ń dáhùn, ọ̀gá wa ń yí ojú, ṣùgbọ́n okùn kan ò já lóòótọ́.

Bàbá mi nìkan ni mi ò rí. Àṣé ó wà níta lórí bẹ́ǹṣì, ó kẹ̀yìn sí ògiri, ó ń tẹ́tí sí bí a ṣe ń dá èèyàn lóhùn. A dé ibi tó rọlẹ̀ wọ̀ọ̀ yẹn, ó sì yọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó ti wọ agbádá. Gbogbo orí yí sí i.

"Okùn ò ní já o, ọmọ mi!"

Ẹ wò ó, ẹnu mi tí kò ní búréèkì, ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Omijé ló wá dípò rẹ̀. Ojú bàbá mi ti ń rẹ̀wẹ̀sì lọ bí mo ṣe ń wò ó.

Ọ̀gá wa, tí kò dá orin dúró rí láyé rẹ̀, ló gbé àgbọ̀n kúrò lórí fáólìn. Orin já. "Àmín o, bàbá!" ló ké. Nọ́ọ̀sì àti tíṣà gbè é. Tèmi ló dé kẹ́yìn: "Àmín o, bàbá mi. Ẹ káàbọ̀."

Bàbá mi wá jókòó sórí àpò tó wà níwájú mi gan-an, ó ká agbádá rẹ̀ sí èjìká. "Ó yá, ẹ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀," ló wí. "Láti Mọ́ńdè, èèyàn ni mo ń ṣọ́, mi ò tíì gbọ́ orin náà."

A sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.