Òyà Tí Mo Pa Láìsun Pápá

Ní Ìlọrà wa yìí, nígbà tí mo ṣì ń ṣe géńdé, kò sẹ́ni tó lè fi kùmọ̀ pa òyà tó mi. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi àwọn ẹgbẹ́ mi. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà kí n tó sá fún tíṣà, ṣùgbọ́n gbogbo ọgbọ́n tó wà nínú òyà, mo mọ̀ ọ́n délẹ̀.

Bí ọyẹ́ bá ti mú, tí koríko sì gbẹ, ńṣe la máa ń tiná bọ pápá ẹ̀yìn ìlú. Àá tò síwájú iná pẹ̀lú kùmọ̀ lọ́wọ́. Òyà tó bá sá fún iná, ọwọ́ wa ló ń sá bọ̀. Ẹ ò lè mọ bó ṣe ń dùn tó.

Ìgbà tó fi máa di àwọn ọdún 1990, òjò ti yíwà padà. Á rọ̀ lẹ́ẹ̀kan bí ẹni ń tọrọ gáfárà, á tún lọ. Oòrùn wá ń se èbù iṣu wa mọ́nú ebè. Koríko gbígbẹ ló yẹ ká fi dé ebè lórí kí ilẹ̀ lè tutù, àwa sì ti sun gbogbo ẹ̀ nítorí ọbẹ̀ ọjọ́ kan. Ọdún kan wà tí ìdajì èbù mi bàjẹ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìwọ̀nba tó kù yẹn ni mo ní. Bó bá tún bàjẹ́, mo di ẹni tó ń ra iṣu jẹ. Èmi!

Mo lọ bá àwọn ẹgbẹ́ mi níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ kùmọ̀, mo ní nítorí òjò tí kò rọ̀ dáadáa mọ́, a ò ní sun pápá lọ́dún yẹn. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n.

“Ó ti darúgbó,” ọ̀kan wí. “Eegun ti ń dùn ún.”

Ọ̀rẹ́ mi kan wà níbẹ̀, alágídí ni. Ó ní, “Ṣé èéfín tiwa ló ń lé òjò ni? Gbogbo mọ́tò tó ń tú èéfín lọ sí Ìbàdàn lójoojúmọ́ ńkọ́?”

“Àwọn yẹn náà ń bà á jẹ́,” mo dá a lóhùn. “Ṣùgbọ́n mọ́tò kọ́ ló jó koríko tí mo fẹ́ fi dé ebè. Ìwọ ni, ìwọ alájẹkì yìí!”

“Ká má jẹ òyà mọ́ nìyẹn?”

“Ẹ ó jẹ ẹ́. Lọ́la, màá pa á láìṣáná. Bí mi ò bá rí pa, èmi gan-an ni màá tiná bọ pápá.”

Nígbà tó di àárọ̀, mo dé pẹ̀lú ajá mi méjì àti àwọ̀n tí mo yá lọ́wọ́ àna mi ní Fìdítì. Àwọn ẹgbẹ́ mi jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ń jẹ gúgúrú. Alágídí ń mi páálí ìṣáná kí n lè máa gbọ́. Oòrùn kan àtàrí, kò sí nǹkan. Ajá kan tiẹ̀ fi mí sílẹ̀, ó lọ ń tọrọ gúgúrú lọ́dọ̀ wọn.

“Ajá ti mọ ibi tí oúnjẹ wà!” ni wọ́n ń pariwo.

Àfi bí ajá kejì ṣe gbó. Òyà kan tó tóbi bí ọmọ ewúrẹ́ tú jáde, ó yà fún àwọ̀n, ó fẹ́ gba àárín ẹsẹ̀ mi kọjá. Mi ò ráyè gbé kùmọ̀. Mo ṣubú lé e gbalaja. Ó gé mi jẹ lọ́wọ́, mi ò jù ú sílẹ̀ títí ó fi kú.

Tẹ̀rín-tẹ̀rín ni wọ́n fi gbé mi dìde. Ìṣáná wọ àpò padà. Lọ́sẹ̀ náà, àwa mélòó kan gé koríko, a fi dé ebè. Àwọn yòókù ní ẹ̀yìn ń dun àwọn. Àwọn ará òdìkejì títì sì sun tiwọn.

Òjò tún fi wá ṣeré lọ́dún náà, ṣùgbọ́n iṣu mi hù. Alágídí, tí kò gé koríko kankan, wá bá mi lóko pẹ̀lú àdá lọ́wọ́.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ó ní, “ṣé koríko yín yẹn ṣẹ́ kù díẹ̀?”

Ọdún kan náà ni wọ́n bí wa. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, kó lè tún un pè.