Kámpà Tuntun Ọ̀rẹ́ Mi àti Tòkunbọ̀ Tèmi

Mo rántí ìgbà tí ọkọ̀ funfun gbọ̀ọ̀rọ̀ kan wọ òpópónà wa ní Ongar, ní Dublin, ní ọ̀sán Sátidé kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ọ̀rá ṣì wà lórí àwọn ìjókòó rẹ̀. Kámpà ni wọ́n ń pè é, ọkọ̀ tó ní ibùsùn, ibi ìdáná àti ilé ìwẹ̀ nínú, tí èèyàn lè gbé lọ sí etí òkun kó sì sùn síbẹ̀ bí ẹni pé ó wà nílé. Ọ̀rẹ́ mi, tí ilé rẹ̀ jẹ́ ìkẹta sí tiwa, ló rà á. Ó pè mí lórí fóònù pé kí n wá bá òun dúpẹ́. Mo ní mò ń fọ aṣọ lọ́wọ́. Irọ́ ni. Ẹ̀yìn kọ́tìnì yàrá òkè ni mo wà, tí mò ń ka fèrèsé ara ọkọ̀ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìlara ni. N kò ní pè é ní orúkọ mìíràn, mo ti dàgbà kọjá kí n máa bu oyin sí i. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi yìí ti bá ara wa bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Nígbà tí a kọ́kọ́ dé Dublin, tí a ń tọrọ ààbò, yàrá kan náà ni wọ́n kó wa sí ní ibùgbé àwọn tó ń retí ìwé, a sì fi ìró rẹ̀ kan pín yàrá náà sí méjì. Ó fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ, Àǹtí mi ni mò ń pè é, n kì í sì í yọ “ẹ” kúrò lẹ́nu. Òun ló ń pọn ọmọbìnrin mi nígbà tí àìsàn dá mi gúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tirẹ̀ jáde kí tèmi tó jáde. Òun ló kọ́kọ́ ríṣẹ́, òun ló kọ́kọ́ ra ilé. Ibikíbi tí mo bá sáré dé, màá bá a níbẹ̀, á ti gbálẹ̀, á sì máa kí mi káàbọ̀. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé kí á má wo aago aláago ṣiṣẹ́. Ní tèmi, aago rẹ̀ nìkan ni mo ní lára ògiri.

Ká ní ti ọkọ̀ nìkan ni, bóyá inú mi ì bá rọ̀ nígbà tó bá yá. Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin mi ló ká mi lára jù. Ó ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, ó ti rí ààyè ní yunifásítì kan ní Scotland, oṣù kẹsàn-án ló sì máa lọ. Ìgbà ooru ọdún yẹn ló kù fún èmi àtòun, mo sì ti fọkàn sí i pé tèmi nìkan ni. Ṣùgbọ́n ìparí ọ̀sẹ̀ kìíní, ọ̀rẹ́ mi, ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọkùnrin wọn méjèèjì ń lọ sí Wexford, wọ́n sì pè é. Ìkejì, Donegal ni. Wọ́n pe èmi náà. Mo ní mo níṣẹ́ ní ilé àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú. Ọ̀pọ̀ ìparí ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀, n kò níṣẹ́ kankan. Inú ilé ni mò ń jókòó sí, tí mò ń bínú sí tẹlifíṣọ̀n.

Bí ọmọ mi bá dé lálẹ́ Sọ́ńdè, á ní, “It was grand, Mam,” pé ó dùn gan-an, lẹ́yìn náà kò ní panu dé mọ́. Á ní ẹ̀rọ amúlégbóná inú ọkọ̀ náà ti ń ṣiṣẹ́ kéèyàn tó bọ́ bàtà. Á ní nígbà tí iná kan kò tàn, àwọn tó ta ọkọ̀ náà tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí ọkọ̀ tuntun ní ìwé ìdánilójú ọlọ́dún púpọ̀. Á ní ẹni tó tà á jókòó tì wọ́n láti àárọ̀ dọ̀sán, tó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lo nǹkan kọ̀ọ̀kan. Á ní gbogbo ìjókòó ló ní bẹ́líìtì tirẹ̀, pé inú ọkọ̀ náà ń rùn bíi bàtà tuntun. Mo ní, ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ó rẹ́rìn-ín, ó gba inú yàrá rẹ̀ lọ. Gbogbo àǹfààní tó ń kà sílẹ̀ yẹn, ata ni lójú mi. Ohun tí mo fẹ́ ni kó fi ohùn yẹn sọ̀rọ̀ nípa èmi.

Bí mo ṣe pinnu pé èmi náà á ní kámpà nìyẹn. Ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ àṣegbà ní ilé iṣẹ́ oògùn kan ní Grange Castle, dá a lábàá pé ká yá tuntun lò fún ọ̀sẹ̀ kan, ká sì dá a padà fún olóhun. Mo bi í pé ta ló máa rí ọkọ̀ àyálò tó máa mọ̀ pé mo ti dé. Mo ní tòkunbọ̀ la ó rà. Bàbá mi ní Ìbàdàn kò ra ọkọ̀ tuntun rí láyé rẹ̀. Ohun tó máa ń sọ ni pé ohun tí òyìnbó bá ti lò tí kò bàjẹ́, ó ti yege ìdánwò. Ọkọ mi ní:

“Ìyàwó mi, ibí ni wọ́n ti ń kó tòkunbọ̀ lọ sílé. Kí ni tòkunbọ̀ fẹ́ wá ṣe níbí?”

Mo lọ bá bàbá òyìnbó kan ní abúlé kan lẹ́yìn Navan, mo sì mú mẹkáníìkì ọmọ ilé wa kan láti Huntstown dání. A ra ọkọ̀ bí wọ́n ṣe ń ra ọkọ̀ ní Nàìjíríà. A ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, a tan ẹ́ńjìnnì, a dẹtí sí i, a fi ìka tọ́ ọ́ìlì wò, a bẹ̀rẹ̀ wo èéfín. Mẹkáníìkì ní ẹ́ńjìnnì yìí á gbé mi dé Sókótó. Kò parọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó fọwọ́ tẹ ògiri inú ọkọ̀ náà. Bàbá òyìnbó ti lẹ bébà olódòdó tuntun mọ́ ọn yíká, ó sì fi nǹkan olóòórùn dídùn kọ́. Mo tiẹ̀ yin bébà náà. N kò mọ̀ pé ní ìlú òjò, ara ògiri ni ikú kámpà ti ń wọlé, kì í ṣe ara ẹ́ńjìnnì.

Nígbà tí mo gbé e délé, mo kọjú rẹ̀ sí ilé ọ̀rẹ́ mi. Ó sáré jáde, ó dì mọ́ mi, ó ṣàdúrà pé ẹ̀mí mi á lò ó, ó ní ká jọ máa tò tẹ̀lé ara wa lọ sójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ó rọra bi mí bóyá mo fọwọ́ tẹ àwọn igun ògiri rẹ̀ wò. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo sọ nínú mi pé, ẹ wò ó, ó ti ń jowú.

Ìjókòó méjì péré ló ní bẹ́líìtì, iwájú ni méjèèjì wà, nítorí náà ọkọ mi kò lè bá wa lọ. Èrè ni mo kà á sí. Èmi àti ọmọ mi forí lé Mayo, a dé etí òkun lọ́sàn-án, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dín dòdò. Òjò bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ kán sórí ìrọ̀rí. Lẹ́yìn náà bébà olódòdó wú bí ìyẹ̀fun tí wọ́n fi omi pò, ó ya, pákó dúdú tó ti rọ̀ bí ẹ̀kọ yọjú lẹ́yìn rẹ̀, òórùn èébu sì gba inú ọkọ̀ kan. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Mo gbé abọ́ síbí, mo tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì sọ́hùn-ún. Ọmọ mi dúró, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti bébà náà mọ́ ògiri, omi ń ṣàn wọ apá rẹ̀, ó ń sín, kò sì ráhùn. Àìráhùn rẹ̀ yẹn ló dá mi lágara. Mo ní, “Pe àǹtí ẹ kó wá gbé ọ. Ṣebí tiẹ̀ lo fẹ́.”

Nígbà tó dá mi lóhùn, Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n Yorùbá ni mo fi ń gbọ́ ọ lọ́kàn mi títí dòní.

“Mam, ìjókòó mẹ́fà ló wà nínú ọkọ̀ àǹtí. Márùn-ún là ń lò. Àǹtí kì í jẹ́ ká gbé báàgì sórí ìkẹfà. Wọ́n ní tiyín ni. Ká tó lọ, wọ́n á tan ọkọ̀ sílẹ̀, gbogbo wa á máa wo ilẹ̀kùn wa, bóyá ẹ máa jáde.”

Abọ́ ọwọ́ mi ti kún, n kò sì rántí láti dà á nù. Mo bẹ̀ ẹ́. N kò rò pé mo ti bẹ ọmọ kankan rí kí ọjọ́ yẹn tó dé. Ó ní, “You're grand, Mam,” pé kò burú, ó sì ń ti bébà náà mọ́ ògiri lọ.

A padà sílé lọ́jọ́ kejì. Àwọn tó ń fọ́ ọkọ̀ àlòkù sí wẹ́wẹ́ ló wá wọ́ tòkunbọ̀ mi lọ. Mo fẹ́ kí èmi àti ọmọ mi jọ bá wọn lọ síbì kan nínú ọkọ̀ ọ̀rẹ́ mi, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù kí ọmọ mi lọ sí Scotland, ẹrù dídì ló sì gbà á.

Ọdún díẹ̀ ti kọjá. Ọmọ mi ti ríṣẹ́ sí Scotland, ìgbà Kérésì nìkan ló máa ń wá, nígbà tí ọ̀rẹ́ mi ti da tapólì bo kámpà rẹ̀ fún òtútù. Èmi gan-an ti di èrò inú ọkọ̀ náà. Òótọ́ ni gbogbo ohun tí ọmọ mi sọ nípa rẹ̀. Ó ń móoru kéèyàn tó bọ́ bàtà, ẹ̀kán òjò kan kò tíì bà mí nínú rẹ̀. Ìjà ìlara kì í tán bọ̀rọ̀, bí mo bá sì rí ọ̀rẹ́ mi tí ọmọ rẹ̀ kan sùn lé e léjìká lójú ọ̀nà, mo ṣì máa ń yíjú sí fèrèsé. Ẹ̀gbẹ́ mi ni ìjókòó tí ọmọ mi máa ń lò wà. Àwọn ọmọ ọ̀rẹ́ mi máa ń gbé báàgì wọn sórí rẹ̀, n kì í sì í ní kí wọ́n gbé e kúrò.