Ọmọ Tí Wọ́n Ní Ó Ń Sín Bàbá Rẹ̀ Jẹ

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi ní Ìgàndò tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Bí mo bá ti kọ ọ̀rọ̀ sójú pátákó báyìí, òun ni yóò kọ́kọ́ nawọ́. Àfi bó ṣe di Mọ́ńdè kan tó pa ẹnu dé. Mo pè é títí, ilẹ̀ ló ń wò. Mo rò pé ó fẹ́ máa ya ọ̀lẹ ni, mo sì bá a wí.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ wá mú un lọ́sàn-án ni mo gbọ́ òdodo ọ̀rọ̀. Akólòlò ni bàbá ọmọ náà. Ọmọ jókòó tì í pẹ̀lú ìwé nílé, ó ń pe "b-b-b, a-a-a, g-g-g" kó tó di báàgì. Bá a ṣe ń kọ́ wọn nìyẹn: wọn á pe ìró lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, wọn á wá so ó pọ̀. Bàbá gbà pé òun ni ọmọ ń sín jẹ. Ó fọ́ ọ létí, ó ní òun máa mú un kúrò nílé ìwé wa.

Inú bí mi, kí n má parọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Mo ránṣẹ́ sí i pé kó wá wo bá a ṣe ń ṣe é kó tó lọ síbi iṣẹ́.

Ó wá, ó fajú ro, ó jókòó sórí àga kékeré. Gbogbo kíláàsì bẹ̀rẹ̀: "m-m-m, a-a-a, t-t-t." Ó ń wo ẹnu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, ó kọjú sí ọmọ rẹ̀.

"B-b-b-b..."

Ọ̀rọ̀ há. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹnìkan kì í gba ọ̀rọ̀ mọ́ ẹlòmíràn lẹ́nu. A máa ń dúró títí yóò fi so ó pọ̀. Àwọn ọmọ dúró. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"B-bá mi kà á."

Ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, bá a ti ń ṣe fún ẹni tó bá so ọ̀rọ̀ pọ̀. Àwọn yòókù gbà á. Ọmọ náà wá dìde, ó ka ti ojú pátákó já geere. Àánú bàbá náà ṣe mí.

Lẹ́nu ọ̀nà, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Èmi náà dúró.

"Àǹtí," ó ní, "k-kò sẹ́ni tó dúró dè mí báyẹn rí."