Orúkọ Alhaji Àkíbù Nínú Ẹ̀rọ

Ẹ̀rọ ò mọ ojú èèyàn, orúkọ ló mọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni Monínúọlá máa ń sọ fáwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tọ́jú ìwé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Adó, ẹ̀rín ni wọ́n sì máa ń fi í rín. Ọmọ tíṣà ni, ará Ìyìn, àràárọ̀ ló ń wọ mọ́tò wá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa yẹ kọ̀ǹpútà ńlá wọn wò: ta ló ṣí fáìlì wo, ọjọ́ wo, aago mélòó, ṣé ó kàn kà á ni àbí ó yí nǹkan padà nínú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló bẹ àwọn ọ̀gá òkè títí, tó ní ẹ̀rọ kì í purọ́, kí wọ́n tó gbà kí ẹ̀rọ máa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Alhaji Àkíbù, ọ̀gá wọn, ló bá a bẹ̀ wọ́n.

Ẹ jẹ́ n sọ ti Alhaji yìí fún yín, nítorí irú wọn ò pọ̀ mọ́. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́, oṣù mẹ́ta péré ló kù kí wọ́n fẹ̀yìn tì. Àwọn ló kọ́ Monínúọlá níṣẹ́. Orúkọ wọn nìkan ni ẹ̀rọ ń gbà láyè láti yí ìwé òṣìṣẹ́ padà, orí tábìlì wọn nìkan ni wọ́n sì ti lè ṣe é. Ọjọ́ Jímọ̀ wá ńkọ́? Bí aago kan bá ti lù, Alhaji ti gba mọ́sálásí lọ, àwọn tó ti Ìgbẹmọ àti Ìgèdè wá tún orúkọ tí wọ́n ṣì kọ ṣe á wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọn á máa wò. Alhaji ò lè fara mọ́ ìyẹn. Wọ́n kọ páswọ́ọ̀dù wọn, orúkọ Qanitah àbíkẹ́yìn wọn, sórí bébà, wọ́n fi sábẹ́ kàlẹ́ńdà.

"Ẹni tó ti Ìgbẹmọ wá, ẹ fẹ́ kó padà lọ́wọ́ òfo? Ẹ bá mi ṣe é."

Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà lábẹ́ wọn ló ń bá wọn ṣe é. Monínúọlá náà wà níbẹ̀. Ó mọ̀ pé kò dáa, iṣẹ́ rẹ̀ kúkú ni láti mọ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò wo ojú àgbà tó kọ́ ọ níṣẹ́, tí yóò ní oore tí wọ́n ń ṣe kò dáa? Ó panu mọ́.

Lóṣù tó kọjá ni lẹ́tà dé láti òkè. Wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ méje kan ti dín ọjọ́ orí wọn kù nínú ìwé kí wọ́n má baà fẹ̀yìn tì, kí Monínúọlá wo ẹni tó bá wọn ṣe é. Ó wò ó. Ọjọ́ Jímọ̀ ni méjèèje, láàárín aago kan sí méjì ọ̀sán. AKIBU ni ẹ̀rọ kọ síwájú gbogbo rẹ̀.

Ó pe àwọn mẹ́ta yòókù jọ. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wí o. Ta ni nínú yín?"

Fúnkẹ́mi ń wo èékánná rẹ̀. Ọmọ́níyì fi Bíbélì búra. Adémọ́lá ní òun ò tiẹ̀ mọ̀ pé bébà kankan wà lábẹ́ kàlẹ́ńdà. Irọ́ funfun báláú! Àbí ta ló ń bẹ Alhaji pé kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sórí bébà náà, òun ò ríran dáadáa?

Níwájú ìgbìmọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ náà, Monínúọlá sọ ọ́ bó ṣe rí. "Mọ́sálásí ni Alhaji wà, sà. Àwa la máa ń jókòó sídìí ẹ̀rọ. Èmi náà ti fi orúkọ wọn wọlé rí."

Ọlálérè, alága ìgbìmọ̀, yí ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde síwá sẹ́yìn. "Níbo ni orúkọ yín wà níbí?"

"Kò sí, sà."

"Ti ẹlòmíì ńkọ́?"

"Kò sí."

"Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ní ẹ̀rọ yìí kì í purọ́ ni? Ẹ tọwọ́ bọ̀wé, mádáàmù."

Wọ́n bi Alhaji. Alhaji ní, "Èmi ni mo kọ páswọ́ọ̀dù mi sílẹ̀ fún wọn. N ò rí ẹni tó ṣe é, n ò sì lè nàka sí ọmọ ọlọ́mọ." Igún ṣoore ó pá lórí, àkàlà ṣoore ó yọ gẹ̀gẹ̀. Wọ́n lé Alhaji lẹ́nu iṣẹ́ bí olè. Monínúọlá tọwọ́ bọ̀wé, torí ohun tó wà níbẹ̀ náà ni ẹ̀rọ sọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Alhaji wá kó bùúta àlùwàlá àti ẹní ìrun wọn. Ẹkún gbọ̀n Monínúọlá.

"Mo ń lọ ulé, ọmọ mi," ni Alhaji wí. "Má sunkún. Iṣẹ́ rẹ lo ṣe."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn ún ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ì bá sàn kí wọ́n ṣépè.

Ó wá ku ohun kan. Òun náà ni wọ́n ní kó yọ orúkọ AKIBU kúrò nínú ẹ̀rọ. Ó jókòó, ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ bi í pé ṣé ó dá a lójú. Kò dá a lójú, ṣùgbọ́n kò sí ibi téèyàn ti lè kọ ìyẹn. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ẹ̀rọ kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ Jímọ̀, aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, MONINUOLA ló yọ ọ́.

Èyí tó kọ yìí, òótọ́ ni.