Ta Ló Pa Àgbò Kérésìmesì?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dúró níwájú ìsọ̀ alápatà mi ní Òṣogbo, òórùn irun ẹran tí wọ́n ń sun gba gbogbo àyíká. Mùsùlùmí ni alápatà náà. Ọmọbìnrin kan láti ìjọ wa ń kọjá lọ, ó ní, "Màmá, ẹran Ìmàle náà lẹ tún ń rà?" Inú bí mi gan-an. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ọmọ òde òní ní àlàyé tiyín fún ẹni tó bá ń rà á: ẹ ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń ro dáadáa, ẹ ní wọn kì í ta òkú ẹran. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdí tèmi kọ́ nìyẹn.

Iléṣà ni mo ti dàgbà, nílé ìyá bàbá mi, lásìkò tí owó kòkó ṣì ń dún lápò àwọn èèyàn wa. Ìyá Àgbà kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ. Síbẹ̀, kò sí Kérésìmesì tí kì í ránṣẹ́ pe Bàbá Kàsúmù, télọ̀ Mùsùlùmí tó wà ní ojúlé kejì, kó wá dúńbú àgbò ọdún. Bàbá náà á fún àgbò lómi mu, á yí ojú rẹ̀ sí ìlà-oòrùn, á ní "Bísímíláì," ọ̀bẹ á sì kọjá lẹ́ẹ̀kan. Òun ló ni ọrùn àgbò náà, owó iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Àbígbẹ̀yìn Ìyá Àgbà, Àǹtí Wúrà, ló fẹ́ Mùsùlùmí kan ní Òṣogbo, tó sì bá ọkọ rẹ̀ ṣe ẹ̀sìn. Bí ọdún bá dé, tọkọtaya àtàwọn ọmọ wọn á wọkọ̀ wá, gbogbo wa á sì jẹun nínú ìkòkò kan náà. Ìyá Àgbà á máa fi Ìjẹ̀ṣà rẹ̀ sọ pé, "Ẹni bá wá ulé mi, á jẹun."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló ba nǹkan jẹ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í joyè alàgbà ìjọ ni, oyè náà sì ń pa á bí ọtí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ Kérésìmesì ọdún kan, ó ti pa àgbò fúnra rẹ̀. Ó ní Ìmàle kò ní fọwọ́ kan ẹran ọdún nílé onígbàgbọ́ mọ́. Nígbà tí Bàbá Kàsúmù dé pẹ̀lú ọ̀bẹ tó fi aṣọ wé, irun àgbò ti ń jó. Ó wo iná náà títí, ó ní, "Màmá, ẹ kú ọdún o," ó sì yí padà. Kò sí àgbò mìíràn, ọjà sì ti tì.

Ọ̀sán ni àwọn ará Òṣogbo dé. Ọbẹ̀ ń ta sánsán. Àǹtí Wúrà fojú wá Bàbá Kàsúmù, kò rí i, ó wá rọra béèrè pé, "Ìyá mi, ta ló pa á?"

Alàgbà gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́nu. "Èmi ni. Ẹni tí kò bá lè jẹ ẹ́, kó máa lọ sílé rẹ̀."

Ó fi ojú ìyá rẹ̀ gbolẹ̀ níwájú àna. Ọkọ Àǹtí dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Àgbà, ó ní kó má bínú. Gààrí ni wọ́n mu. Gààrí, lọ́jọ́ Kérésìmesì! Rámátù, ọmọ Àǹtí tí èmi àti ẹ̀ jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ń mu tirẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ìkòkò wa. Ìyá Àgbà bu gààrí tirẹ̀, ó jókòó tì wọ́n, ó ní ká gbé odindi ìkòkò ọbẹ̀ náà lọ fún alàgbà. Alàgbà jẹ ẹ́ títí, kò lè jẹ ẹ́ tán, ó kan mọ́ ọn lọ́wọ́, ajá ló bá a jẹ ìyókù. Inú mi dùn nígbà náà. Ó ṣì ń dùn títí dòní.

Àwọn ará Òṣogbo kò wá bá wa ṣọdún mọ́ títí Ìyá Àgbà fi kú. Ṣùgbọ́n ó ti pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọ̀bẹ kan màlúù ìsìnkú òun àfi Bàbá Kàsúmù. Alàgbà fúnra rẹ̀ ló ṣí fìlà lọ bẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Bàbá náà wá, alàgbà ló sì bá a di ẹsẹ̀ màlúù mú. Àwọn ará Òṣogbo jẹun nílé wa lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ rí wọn níbi tí wọ́n ti ń jẹun ti wà nínú pósí.

Wọ́n ní kí n gbàgbé, pé alàgbà náà ti kú tipẹ́, ilé náà sì ti wó. Ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò lè gbàgbé. Èmi náà ti di ìyá àgbà báyìí. Rámátù, tó ti di Alhájà, máa ń yà sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Jímọ̀. Kì í béèrè ẹni tó pa ẹran. Á fọwọ́, á ṣí ìkòkò fúnra rẹ̀, á sì mú èyí tó tóbi jù níbẹ̀.