Ẹni Tí Mo Pè Ní Ó

Ìyá mi sọ ọ́ títí wọ́n fi kú pé ẹnu mi ni yóò pa mí. Ẹ̀rín ni mo máa ń fi í rín. Mo ti lé ní ogójì ọdún, mo ti di ọ̀gá ní ọ́fíìsì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Marina, àwọn tó wà lábẹ́ mi kì í sì jókòó bí mo bá wà lórí ìdúró. Ẹni tó bá rí mi fín, mi kì í jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú kí n tó dá a padà fún un. Mo rò pé ọgbọ́n nìyẹn. Mo rò pé bí obìnrin ṣe ń gbé l'Ékòó nìyẹn láìjẹ́ pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Festac ni mò ń gbé, kò jìnnà sí etí omi. Ẹni tó bá mọ títì tó ti Mile 2 lọ sí Apapa, tó mọ bí àwọn tírélà ṣe máa ń tò síbẹ̀, kò ní bi mí léèrè ìdí tí mo fi ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ síbi iṣẹ́. Láàárọ̀ kùtù, àwa tá a jọ máa ń lọ á ti pé sí èbúté. Ojú lásán la fi mọ ara wa, a ò mọ orúkọ. Ìyá aláṣọ kan wà láàárín wa, àwọn ló máa ń gbàdúrà bí ọkọ̀ bá ti ṣí. Wọ́n á ní, "Ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. A ó máa lékè." Gbogbo wa á ní, "Àmín," àti Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì. Ojú oró náà sì kún ẹ̀gbẹ́ èbúté lóòótọ́, débi pé awakọ̀ máa ń dúró yọ ọ́ kúrò lẹ́nu ẹ́ńjìnnì kí ọkọ̀ tó lè rìn.

Wọ́n máa ń fún wa ní jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn, èyí tó ń mú kéèyàn léfòó. Òógùn gbogbo ayé ló wà lára rẹ̀. Ọrùn la máa ń gbé e kọ́ kí àwọn tó ń ṣọ́ èbúté lè rí i, a kì í de okùn rẹ̀. Awakọ̀ wa mọ̀, kò sì sọ nǹkan kan. Ohun tó máa ń bí i nínú ni ti ẹrù. Afẹ́fẹ́ á gba fìlà ẹnì kan, tàbí wíìgì, tàbí àpò ọ̀rá, onítọ̀hún á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo kí ọkọ̀ dúró. Nítorí náà, àràárọ̀ ló máa ń kìlọ̀ fún wa: "Ẹ gbọ́ o! Ohun tó bá bọ́ sómi ti di ti omi nìyẹn. Mi ò ní padà o!" Àwa náà á máa rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, mo pẹ́ díẹ̀. Ìgbà tí mo máa fi dé, bàbá kan ti jókòó síbi tí mo máa ń jókòó, lẹ́yìn pátápátá, ní etí ọkọ̀. Mi ò rí wọn rí. Wọ́n á ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ṣẹ́ẹ̀tì wọn gún régé, wọ́n gbé àpò irinṣẹ́ lé orí itan, wáyà iná sì yọ sóde lẹ́nu àpò náà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibi tí mo máa ń jókòó nìyẹn. Èébì máa ń gbé mi tí mi ò bá rí afẹ́fẹ́."

Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní, "Ìwọ, jókòó sínú níbẹ̀ yẹn jẹ́ẹ́. Etí ọkọ̀ ò dáa fún obìnrin."

Ìwọ! Lójú gbogbo ọkọ̀! Mi ò gbọ́ pé etí ọkọ̀ ò dáa, mi ò gbọ́ ìyókù. "Ìwọ" yẹn nìkan ló wọ̀ mí létí. Mo ní, "Ìwọ náà, jókòó jẹ́ẹ́! Ta lò ń pè ní ìwọ?"

Ọmọ Yorùbá tó bá ń ka ìwé yìí mọ ohun tí mo ṣe. Èèyàn lè bú àgbàlagbà, kó sì fi "ẹ̀yin" bú u, kí wọ́n ṣì sọ pé ilé tó dáa ló ti jáde. Mo fi "ìwọ" lu bàbá oníbàbá lójú. Ìyá aláṣọ yíjú padà láti iwájú. "Háà, Àǹtí! Wọ́n tó bí yín lọ́mọ."

"Òun ló kọ́kọ́ rí mi fín, mà. Ṣé ó mọ̀ mí rí ni?"

"Ẹ yé pè wọ́n ní ó. Ẹ bẹ̀ wọ́n."

Bàbá náà kàn rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ fi sílẹ̀, mà. Mo bí irú ẹ̀ sílé. Bóun náà ṣe máa ń gbaná jẹ nìyẹn." Mo jókòó sínú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo kọjú síwájú. Mo ti mọ̀ nínú ara mi pé mo ṣàṣejù, mo sì ti pinnu pé tá a bá dé Marina, màá bẹ̀ wọ́n. Àmọ́ mi ò fẹ́ bẹ̀ wọ́n nígbà yẹn, kó má bàa dà bíi pé wọ́n borí.

Nígbà tá a jáde síbi tí omi ti fẹ̀, lápá Apapa tí àwọn ọkọ̀ ńlá máa ń gúnlẹ̀ sí, omi bẹ̀rẹ̀ sí í ta sí wa lára. Àwọn tó wà níwájú fa tapólì bo ẹ̀gbẹ́ tiwọn, wọ́n gbórí lé ẹrù, oorun gbé wọn lọ. Ti ẹ̀gbẹ́ tiwa há sókè. Omi ta sí mi lójú, ó ta sí síkẹ́ẹ̀tì mi, mo pòṣé, mo tún pòṣé. Bàbá náà gbé àpò irinṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n dìde láti fa tapólì náà wálẹ̀. Jákẹ́ẹ̀tì wà lọ́rùn wọn, okùn rẹ̀ ń fì lọ fì bọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá torí òṣé mi ni wọ́n ṣe dìde, tàbí torí irinṣẹ́ wọn. Mo ti ro ó títí, mi ò mọ̀, kò sì sí ẹni tí mo lè bi mọ́.

Ọkọ̀ ńlá kan kọjá. Ìgbì rẹ̀ gbé wa sókè, ó sì sọ̀ wá kalẹ̀ gbì. Mo dijú. Ìgbà tí mo máa fi là á, ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi ti ṣófo.

Mo pariwo. Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi, mo pariwo gan-an. Mo ní, "Ó ti bọ́ sómi! Ó ti bọ́ o!"

Awakọ̀ ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. "Ṣé mo sọ fún yín àbí mi ò sọ? Mi ò ní padà torí fìlà!" Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, "Àǹtí, ṣé wíìgì yín ni?"

Mo tún ní, "Ó ti bọ́! Ó ti bọ́!" Ahọ́n mi ti lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ kan náà. Mi ò rántí "èèyàn," mi ò rántí "bàbá." "Ó" tí mo ti fi ìbínú gbé sẹ́nu láti èbúté, òun náà ni ẹ̀rù gbé jáde. Ká ní mo sọ pé, "Wọ́n ti bọ́ sómi," gbogbo ọkọ̀ ì bá ti fò dìde, torí kò sẹ́ni tó ń pe wíìgì ní wọ́n. Láti ọjọ́ náà, mi ò lè pe ẹnikẹ́ni ní ó láìwo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo máa ń kí àwọn tó ń wa kẹ̀kẹ́ ládùúgbò wa ní "ẹ ǹlẹ́ sà," ọmọ mi á sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Mọ́mì, ọmọ ogún ọdún lẹ̀ ń kí bẹ́ẹ̀ o."

Ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Trade Fair ló dá ọkọ̀ dúró. Kò gbọ́ Yorùbá, nítorí náà ọ̀rọ̀ mi ò lè ṣì í lọ́nà. Ojú mi ló wò, ó wo ìjókòó, ó wo omi tá a ti fi sẹ́yìn. Ló bá ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá òrùlé ọkọ̀, ó ń ké pé èèyàn ni: "Dírẹ́bà, sitọ́ọ̀pù! Na pẹ́sìn! Na pẹ́sìn o!"

Àkókò tó lọ láàárín igbe mi àti igbe rẹ̀ ò ju kéèyàn ka Bàbá Wa Tí Ń Bẹ Lọ́run lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ̀ wa sì ti sáré jìnnà.

A yí padà. Jákẹ́ẹ̀tì la rí, tó léfòó láàárín ojú oró tí omi ń gbé lọ, okùn rẹ̀ nà sílẹ̀ bá a ṣe máa ń fi í sílẹ̀. Awakọ̀ bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó bẹ́ sómi lẹ́ẹ̀kan, ó tún bẹ́ sí i lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn apẹja gbé ọkọ̀ wọn wá. Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá fẹ́ lọ, orúkọ rẹ̀ la fi ń pè é padà, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tó mọ orúkọ bàbá yìí. Ìyá aláṣọ kàn ń ké pé, "Bàbá o! Bàbá!" Ọjọ́ kẹta ni àwọn apẹja tó rí òkú wọn.

A ṣì ń yí omi po nígbà tí fóònù dún nínú àpò irinṣẹ́. Ó dún, ó dákẹ́, ó tún dún. Ìyá aláṣọ ló gbé e níkẹyìn. Ìyàwó bàbá náà ni. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ àwọn ti dé Marina.

Ìgbà tá a padà sí èbúté Festac, ìyàwó wọn ti wọ kẹ̀kẹ́ dé láti Kuje tó wà nítòsí wa. Bàtà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ wọn méjèèjì. Wọn ò ké. Wọ́n gba jákẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ awakọ̀, wọ́n de okùn rẹ̀, wọ́n tú u, wọ́n tún dè é. Wọ́n ní, "Ó ń dè. Ẹ wò ó, ó ń dè dáadáa." Awakọ̀ fi ọwọ́ bojú, ó ń sunkún.

Wọ́n wá béèrè ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ wọn. Gbogbo ojú yí sí mi. Ẹnì kan ní, "Àǹtí yìí ni, mà. Àwọn ló kọ́kọ́ pariwo." Kò sẹ́ni tó sọ ti ìjà. Ìyá aláṣọ wolẹ̀.

Ìyàwó wọn súnmọ́ mi. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Ṣé ẹ pè wọ́n? Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé wọ́n lọ láìsí ẹni tó pè wọ́n."

"Mo pariwo, mà."

"Kí lẹ wí?"

Mo fẹ́ jẹ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ sórí yanrìn, mo ní, "Mo ní, 'Wọ́n ti bọ́ sómi.'"

Wọ́n gbé mi dìde. Wọ́n gbọn yanrìn kúrò lórúnkún mi bí ẹni ń tọ́jú ọmọ. Wọ́n ní, "Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Wọ́n á ti gbọ́ ohùn yín kí wọ́n tó lọ."

Bí bàbá náà bá gbọ́ ohunkóhun kí omi tó bo etí wọn, ohùn mi ni lóòótọ́. Èmi ni wọ́n gbọ́, tí mò ń pè wọ́n ní ó, àti àwọn tó ń rẹ́rìn-ín.